Àkànní, má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

O ní o fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n fún ọ tó dé etí àwọn tó ń yẹ clearance wò, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn kó tó lè rí àṣírí ìjọba. Má dán an wò. Fọ́ọ̀mù SF-86, tí ẹni tó ń wá clearance máa ń kọ, ń béèrè bóyá wọ́n lé èèyàn níṣẹ́, bóyá ó yáa kúrò nígbà tó gbọ́ pé wọ́n máa lé òun, bóyá òun àti ọ̀gá jọ fẹnu kò pé kóun kúrò lẹ́yìn tí ẹ̀sùn ìwàkíwà jáde. Ó tún béèrè ìwé ìkìlọ̀ tó gbà láàárín ọdún 7. Ibo lo fẹ́ gbà sá? Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5.

Mo ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ fún ọ ní ìwé ìkìlọ̀ yẹn tán. Aago mọ́kànlá alẹ́ lò ń bi ọmọ ọlọ́mọ tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ohun tó wọ̀ sùn. Kò fèsì, o tún kọ òmíràn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, o lọ dúró tì í nídìí tábìlì rẹ̀. O ní àwàdà ni. Èmi ò rí àwàdà níbẹ̀, Àkànní. Ẹ̀rù ni mo rí.

Ìlànà SEAD 4, èyí tí ìjọba fi ń pinnu ẹni tí clearance tọ́ sí, tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti oṣù kẹfà ọdún 2017 pín sí ọ̀nà 13, láti A dé M. D wà fún ìwà ìbálòpọ̀: bó bá ti jẹ mọ́ ọ̀daràn, wọ́n lè kà á síni lọ́rùn, kódà kí wọ́n má pè é lẹ́jọ́. E wà fún ìwà ẹni lápapọ̀. Ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ wọ ibẹ̀, irọ́ pípa náà wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, ẹlòmíì lè fi nǹkan ọ̀hún dẹ́rù bà á títí yóò fi tú àṣírí ìjọba. Bí iyèméjì bá sì wà, ìjọba ni wọ́n máa gbè, kì í ṣe ìwọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká wá àgbàlagbà tó máa lọ bẹ ọmọbìnrin náà kó fa ẹ̀sùn rẹ̀ sẹ́yìn. Mo kọ̀ jálẹ̀. Nílé wa, ẹ̀bẹ̀ ni. Ní Maryland níbẹ̀, wọ́n á ní o ń halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí. Kò sì tọ́ sí i pé kó tún máa gba àlejò nítorí ohun tí ìwọ ṣe. Má pè é, má kọ nǹkan kan sí i mọ́.

Lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ clearance, kí o tó fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá ààbò iléeṣẹ́ yín. Gbogbo ìgbésí ayé èèyàn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó tètè sòótọ́, tó gba ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀, tí kò sì padà sídìí rẹ̀, wọ́n lè rò ó fún un. Bí ìwé tí wọ́n ń pè ní Statement of Reasons, tó ń sọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fi clearance dù ọ́, bá dé, ọjọ́ 20 péré lo ní láti fèsì, má jẹ́ kó sùn sórí tábìlì.

Màá pè ọ́ lálẹ́ Sátidé. Mú ìwé ìkìlọ̀ náà sọ́wọ́, kí o kà á sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìyá rẹ