Ẹ̀yin tí owó káńsù wà lọ́wọ́ yín ni ká bá wí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi. Wọ́n tún bú kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní gbangba ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé lándílọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ẹ̀yìn ọjà ni. Ìdọ̀tí ti dí i pa, òjò ọ̀sẹ̀ yẹn sì gbé gbogbo rẹ̀ wọlé tọ àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ lọ. Bí ọmọkùnrin náà ṣe dìde pé òun fẹ́ ṣàlàyé, wọn ò jẹ́ kó gbẹ́nu sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní olè ni. Ẹlòmíràn ní nígbà tó ń wá ìbò, ó mọ ojúlé gbogbo wa. Àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà níjokòó, ẹni tí kò sí ohun tó ń lọ ní káńsù tí kò mọ̀ sí. Ohun tí bàbá náà rí sọ kò ju pé, "Ọmọdé ni, ẹ má dá a lóhùn, kí ló mọ̀?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ìpàdé tú, gọ́tà ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ là ń dà láàmú. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ ilé bàbá kánsẹ́lọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ṣì ń gbé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kàwé jáde, kò ríṣẹ́, ó ń tún fóònù ṣe kí wọ́n tó fà á kalẹ̀. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí àwọn èèyàn á ti kún orí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń dúró de Ọnarébù. Láìpẹ́ yìí ó gbé sòkòtò kan wá pé kí n bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbàgbé ìwé kékeré kan sórí tábìlì mi. Mo ṣí i, ẹ má bínú.

Ẹ wá wo ohun táwọn èèyàn ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó WAEC fún ọmọ ìyá kan. Símẹ́ǹtì fún mọ́sálásí, páànù fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó ṣe ojúsàájú. Ìsọmọlórúkọ. Ìnáwó òkú. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ olórí àwọn ọlọ́kadà. Owó ilé ìwòsàn. Bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọ àdúgbò. Tràńsífọ́mà! Àbí kánsẹ́lọ̀ ló ni iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni? Mo ka ìwé náà dé ìparí, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè pé kí ni wọ́n sọ ní káńsù, èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọ́ọ̀dù wa nínú ìṣúná ọdún yìí, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti fi bírò pupa kọ "gọ́tà ẹ̀yìn ọjà", ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀. Kí kánsẹ́lọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, kí wọ́n yẹ ìṣúná wò, kí wọ́n bi alága léèrè ohun tó fi owó ṣe, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bi alága, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó fa alága kalẹ̀ náà ló fa kánsẹ́lọ̀ kalẹ̀? Nínú ìbò oṣù kẹrin ọdún 2024 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló kó àga alága ìjọba ìbílẹ̀ 33, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ì bá ṣe é. Mo bi ọmọ yìí pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ síta níbi ìpàdé pé owó ò dé ọ̀dọ̀ òun. Ó ní, "Mọ́mì, bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní fà mí kalẹ̀ mọ́."

Owó náà ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, oṣooṣù ni owó wọn sì ń ti Àbújá wá. Yóò kọ́kọ́ wọ àpò àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ní. Wọ́n á yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á yọ tàwọn ọba. Ohun tó bá ṣẹ́kù, àwọn tó pín in ló mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn tí aráàlú dìbò yàn. A yọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Títí di òní, ó jọ pé gọ́tà wa ò tíì gbọ́ ìdájọ́ yẹn.

Wọ́n sì ń pariwo pé àwọn ti gbé ọ̀dọ́ dépò. Lóòótọ́, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin lọ́dún 2018, ọmọ ọdún 25 sì lè du ilé aṣòfin báyìí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù tiwa, èébú nìkan ni wọ́n gbé lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Owó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà.

Ará Ìbàdàn ni wá, ọ̀rọ̀ gọ́tà kọjá eré fún wa. Àwọn tó bí wa ò tíì gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980. Omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011, ojú mi ló ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe kò le. Kí káńsù máa lẹ ìwé mọ́ ògiri lóṣooṣù, ìwé kan péré, ní èdè Yorùbá, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa. Kí ó wà níbẹ̀ pé iye báyìí ló wọlé, iye báyìí la yọ, ohun tá a yọ ọ́ fún nìyí, iye tó kan wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nìyí. Kí wọ́n kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ tó yẹ kó parí iṣẹ́. Kí ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà káńsù, ọ̀kan lọ́jà, ọ̀kan ní gáréèjì, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Kí alága buwọ́ lù ú, kí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù náà buwọ́ lù ú. Bí kánsẹ́lọ̀ bá kọ̀, kí ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà náà, bí a bá fẹ́ bú èèyàn nípàdé, a ó mọ ẹni tó tọ́ sí. Bí oníbàárà bá kó yáàdì márùn-ún fún mi, tí bùbá àti ìró bá jáde tán, ó máa béèrè àgékù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ta ló ń béèrè àgékù owó wọ́ọ̀dù?

Wọ́n á ní òjò máa rẹ ìwé náà. Pósítà ìbò ọdún 2023 ṣì wà lára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, òjò ò rí i gbé ṣe. Wọ́n á ní kò sówó bébà. Owó bánà tí wọ́n fi ń kí wa kú ọdún Iléyá àti Kérésì, pẹ̀lú ojú alága gbàǹgbà, ṣé Àbújá ló ń san ìyẹn lọ́tọ̀ ni?

Kí wọ́n gbà wá láàyè láti wọlé gbọ́ ìjíròrò káńsù. Kí wọ́n yéé fi ọjọ́ orí pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Kí àwa náà sì dín ìwé ìpè ìnáwó kù, torí ẹni tó ń tọrọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ló ń pè é lólè nírọ̀lẹ́.

Mi ò ní ọmọ yìí kò ní àléébù o. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi agbádá gbálẹ̀ wọ ìpàdé, bó bá sì di alẹ́, kì í gbé fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n owó gọ́tà kò sí lápò agbádá yẹn. Èmi ni mo rán an.

Ẹ̀yin alága àti ẹ̀yin ọ̀gá tó wà lẹ́yìn alága, a ń retí ìwé oṣù yìí. Ẹni tó ni ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ gọ́ọ̀mù ni ẹ ò ní, kí ẹ rán èèyàn wá gbà á lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Ìbàdàn.