Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, lórí ìdíje tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti di bàtà eré rẹ sínú àpò, o so ó lẹ́nu, o tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní o ò tiẹ̀ dé kíláàsì òfin láti ọjọ́ Ajé. Mo gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti sún ìfòsókè di ọjọ́ kejì, o lọ jẹun, kó o tó padà dé, wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ẹlòmíì lọ́rùn.

Ó dùn mí gan-an, mi ò sì ní bá ọ wí. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù, mo mọ ojú ẹni tí wọ́n pe ẹjọ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀. Bàbá àgbà kan wà tí wọ́n sọ fún lẹ́nu ọ̀nà pé adájọ́ ò ní jókòó lọ́jọ́ náà. Ó rìn lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́kọ. Ìgbà tó máa sáré wọlé, mo ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kó o mọ Bascom Johnson, ará Amẹ́ríkà tó kàwé ní yunifásítì Yale, tó sì mọ ọ̀pá fò dáadáa, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn fò kọjá igi tí wọ́n gbé sókè. Ọ̀pá ayé ìgbà yẹn kì í tẹ̀ bí ọrun bíi ti òde òní, kò sì sí fóòmù tó nípọn tí wọ́n ń já lé. Ó bá ti Òlíńpíìkì dé Paris ní 1900. Wọ́n sọ fún òun àti Charles Dvorak, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, pé wọn ò ní fi ọ̀pá fò lọ́jọ́ Àìkú, 15 oṣù Keje. Wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn alákòóso tún yí ohùn padà, wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Irving Baxter, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ti ìfòsókè, ṣì wà lórí pápá. Ó fò mítà 3.30, ó gbégbá orókè. Mi ò dá Baxter lẹ́bi. Òun náà padà di amòfin.

Dvorak gba àmì ẹ̀yẹ wúrà tirẹ̀ ní Òlíńpíìkì St. Louis ní 1904. Johnson ò rí irú rẹ̀ gbà, àmọ́ wo ohun tó fi iṣẹ́ amòfin ṣe. Nígbà tí League of Nations, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣáájú United Nations, fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kó àwọn obìnrin àti ọmọdé ta káàkiri ayé, òun ló darí ìwádìí náà. Wọ́n dé ìlú 112 ní orílẹ̀-èdè 28. Àwọn tó rán jáde ò lọ bí ọlọ́pàá. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣòwò ibi wọ̀nyẹn bí ẹni pé ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n, títí tí wọ́n fi fẹnu ara wọn tú àṣírí. Ìròyìn náà jáde ní 1927. Lẹ́yìn náà ó tún ṣe alága ìgbìmọ̀ tó lọ wádìí ọ̀rọ̀ kan náà ní Éṣíà. Àdùkẹ́, ìwọ náà mọ̀ nípa àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n tàn pé iṣẹ́ ń bẹ ní Ítálì, tó jẹ́ pé aṣálẹ̀ Líbíà ló gbé wọn mì. Irú wọn ló ń dúró de amòfin tó mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba nǹkan ẹni.

Kọ ìwé sí àwọn tó ṣètò eré náà. Kọ ọ́ bí amòfin: aago tí wọ́n sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀. Má fi èébú kankan sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, bí wọ́n bá ní wọ́n ti sún eré síwájú, ní kí wọ́n fi ìwé hàn ọ́ kó o tó kúrò lórí pápá.

Jẹ́ kí n rí ìwé náà kó o tó fi ránṣẹ́. Ojú mi ṣì ń rí àṣìkọ. Ìyá rẹ ti fi gàrí àti ẹja gbígbẹ rán awakọ̀ ọjọ́ Ẹtì sí ọ. Sì tú bàtà yẹn sílẹ̀ nínú àpò, kí èbu má bà á bò ó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ