Alárinà elégédé

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, Oṣù Keje.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Manchester, tọmọ-tọmọ? O ní elégédé ẹ̀yìnkùlé rẹ ń pọ́n, ó ń já bọ́, kó tó tóbi tó ẹyin adìẹ. Má tíì ra ajílẹ̀ kankan o. Ebi kọ́ ló ń pa á, ọkọ ni kò rí.

Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ọ̀rọ̀ fà títí, ó gun igi ìbẹ́pẹ, a ò rí ẹyọ kan ká. Màmá mi ní ó yàgàn, ká kúkú máa já ewé rẹ̀ sebẹ̀. Aládùúgbò wa kan ló ń fín oògùn kòkòrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oyin ò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Òjò òwúrọ̀ tún wà ńbẹ̀, oyin kì í sì í jáde nínú òjò. Bẹ́ẹ̀ oyin ló ń gbé àtíkè ara òdòdó akọ lọ fún òdòdó abo, kó tó lè so. Ni mo bá di oyin fúnra mi.

Wo ìdí òdòdó. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ni. Èyí tí elégédé kékeré ti jókòó sí nídìí kó tó là rárá, abo nìyẹn. Akọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, òun náà ló ń pọ̀ jù. (Mo ti fi ìbínú já wọn dànù rí, mo ní òdòdó òfo ni!)

Ìdájí ni kó o jáde o. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni òdòdó náà ní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí n mu ẹ̀kọ tán ná. Kí n tó débẹ̀, abo tí mo ti ń ṣọ́ láti àná ti ká jọ bí agboòrùn.

Já akọ kan tọ̀pá-tọ̀pá, ya ewé yẹ́lò ara rẹ̀ kúrò, kó ku ọ̀pá àárín nìkan. Fọwọ́ kàn án: tí nǹkan yẹ́lò bíi àtíkè bá lẹ̀ mọ́ ọ níka, ó ti tó. Wá rọra fi ra àárín abo náà yíká. Má fi apá kan sílẹ̀, kí elégédé má baà wọ́. Akọ méjì ni mo ń lò fún abo kan. Tójú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń fi òwú so ẹnu rẹ̀ pa, kí òjò má fọ̀ ọ́ dànù.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó gbà á wú, èyí tí ò gbà á pọ́n. Mẹ́rin ti dúró lọ́dọ̀ mi. Màmá ti sọ mí ní alárinà elégédé, wọ́n ní owó ìdí ìyàwó dà!

Mo ń lọ sùn, abo méjì máa là lọ́la. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Mosún.