Àjàní, má fi orí rẹ kàn bí àgbò

Houston, Texas
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àjàní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Dádì rẹ ní kí n kí ọ. Àbúrò rẹ náà ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́ má bá a jà. Èmi ni mo fún un lọ́rùn títí tó fi jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (football) yín ní Sátidé, o bì lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá rẹ, o pa iná, o fi aṣọ bo ojú, o sì sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. O wá ní kó má sọ fún Mọ́mì.

Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Wàá ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan jàre," kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mo fẹ́ kí o rí èyí kà, kí o sì tún un kà.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí a wá wo eré yín, tí o gbé àṣíborí rẹ fún mi dání kí o lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ya fọ́tò? Mo yí i po lọ́wọ́ mi. Funfun ni àṣíborí tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa ti àwọn tí ẹ bá gbá lọ́jọ́ náà ti há mọ́ ọn ní ìlà mẹ́ta, ọ̀kan gùn tó ìka mi. Mo fi èékánná ha á, kò ṣí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ibi tí àpá náà wà. Kì í ṣe iwájú. Àtàrí ni. Ẹni tó bá gbé orí sókè kì í fi àtàrí lu ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí inú Dádì rẹ ń dùn, inú tìrẹ náà ń dùn. Mo kábàámọ̀ pé mo dákẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa a máa kó àgbò jáde láti kàn. Àgbò méjì kì í dédé kọlu ara wọn níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, títí okùn á fi tán. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Lọ́dún kan, àgbò Alhaji onílé wa kàn, ó borí, gbogbo wa hó yèè. Nígbà tó di alẹ́, ó ń yí po lójú kan, kò fẹnu kan èèpo iṣu tí a kó fún un. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi kú. Alhaji fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé pátákò. Kò rí ojú egbò kan ṣoṣo.

O mọ eré tìrẹ jù mí lọ, ṣùgbọ́n láti orí àga tí mo jókòó sí, ìjà àgbò ni mo rí nínú kickoff yẹn, bọ́ọ̀lù tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Nínú àwọn ìgbésẹ̀ eré yòókù, ìlà méjì ló dojú kọ ara wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan ara wọn. Tó bá di kickoff, ẹnì kan á gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin mẹ́wàá yòókù á gbéra, ẹ óò sáré tó yáàdì 40, àwọn kan náà á sì máa sáré bọ̀ wá pàdé yín. Bẹ́ẹ̀ mo mọ irú àwọn tí wọ́n ń kó síbẹ̀: àwọn ọmọ tuntun bíi tìrẹ, tí kò tíì rí ipò gidi nínú tíìmù, tí wọ́n ń wá bí kóòṣì á ṣe mọ orúkọ wọn. Ẹni tó ń wá ipò kì í dẹ eré.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, tíìmù yunifásítì Rutgers ń bá ti Army, ilé ìwé àwọn ológun, gbá. Eric LeGrand, ọmọ ogún ọdún, sáré wọlé lórí kickoff, ó tẹ orí ba láti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú. Eegun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ìkẹta àti ìkẹrin. Láti ọjọ́ náà, orí kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara ló wà. Ó padà sí ilé ìwé, ó sì gba dìgírì rẹ̀ ní 2014, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúpẹ́ fún Ọlọ́run nítorí ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Àjàní. Ohun tí mo máa ń rò nìyẹn. Kóòṣì rẹ̀, Greg Schiano, ló wá dámọ̀ràn pé kí wọ́n pa kickoff rẹ́ pátápátá, kí wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí ṣe iṣẹ́, kò pa á rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gé e kù díẹ̀díẹ̀. Ní 2011, wọ́n sún ibi ìgbábọ́ọ̀lù síwájú láti ìlà yáàdì 30 sí 35, kí bọ́ọ̀lù lè máa fò dé òpin pápá, kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ gbé e sáré. Ní 2018, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sáré kí ẹni tó ń gbá a tó fẹsẹ̀ kàn án. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré kò pọ̀ mọ́. Nínú Super Bowl, àṣekágbá wọn, ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbà 13 ni wọ́n gbá kickoff, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n gbé sáré. Àwọn èèyàn ń kùn pé eré ti kú.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà wú mi lórí, mo sì bẹ Dádì rẹ kó yà á fún mi sórí ìwé kí ó lè yé mi. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, 29 nínú àwọn ẹgbẹ́ 32 dìbò pé kí àwọn mẹ́wàá tó ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ dúró sí ìlà yáàdì 40 ti àwọn alátakò wọn. Àwọn tó máa dí wọn lọ́nà dúró sí 35. Yáàdì márùn-ún péré ló wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ nínú wọn títí bọ́ọ̀lù á fi bọ́ sílẹ̀ tàbí tí ẹni tó ń dúró dè é á fi mú un. Wọ́n fa okùn àgbò kúrú nìyẹn. Kò sí ibi tí yóò fẹ̀yìn rìn sí mọ́. Ọdún kìíní ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré ti kúrò ní nǹkan bí 22 nínú 100, tó gun òkè dé nǹkan bí 33, NFL sì ròyìn pé concussion, ìyẹn kí ọpọlọ mì nínú agbárí, lórí kickoff fi 43 nínú 100 dín kù. Eré padà sípò, orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì sàn. Ní 2025, wọ́n sọ ọ́ di òfin tó dúró.

Àwọn yunifásítì olókìkí tí wọ́n ń pè ní Ivy League ti rí i ṣáájú wọn. Ní 2015, kickoff kò ju 6 nínú 100 ìgbésẹ̀ eré wọn, ṣùgbọ́n òun ló fa 21 nínú 100 concussion wọn. Wọ́n sún ìgbábọ́ọ̀lù síwájú láti yáàdì 35 sí 40 ní 2016. Concussion tó tó 11 nínú 1000 kickoff tẹ́lẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí 2. Yáàdì márùn-ún ṣá o!

Ṣùgbọ́n ìwọ kò sí ní NFL, o kò sì sí ní Ivy League. Níbi tí o wà, òfin NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ni ẹ ń tẹ̀ lé, okùn tiyín sì ṣì gùn. Wọ́n ṣì gbà kí ẹ fi yáàdì márùn-ún gbéra kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín ni pé láti 2018, ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù lè na ọwọ́ sókè, kó mú un, kí tíìmù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà yáàdì 25 láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá fi ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, na ọwọ́ rẹ sókè. Má wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi nọ́ọ̀sì ni, ọdún kejìlélógún rèé. Àṣíborí ìgbàlà tí Pọ́ọ̀lù sọ nínú Éfésù, ti ẹ̀mí nìyẹn. Èyí tí wọ́n fún ọ, agbárí ló ń dáàbò bò. O lè fi òwú wé ẹyin, èèpo rẹ̀ kò ní fọ́, ṣùgbọ́n bí o bá jù ú síwájú sẹ́yìn, pupa inú rẹ̀ á dàrú. Ọmọ Nàìjíríà ló fi èyí han ayé. Ní 2002, wọ́n gbé òkú Mike Webster, tó gba Super Bowl mẹ́rin, wá síwájú dókítà Bennet Omalu ní Pittsburgh. Ọpọlọ ọkùnrin náà mọ́ tónítóní lójú. Omalu kò gbà. Ó ní kí wọ́n gé e tínrín-tínrín, kó fi ẹ̀rọ wò ó, ibẹ̀ ló ti rí bí orí-kíkàn ọdún púpọ̀ ṣe bà á jẹ́ láti inú. Nígbà tí mo kà á, àgbò Alhaji ló wá sí mi lọ́kàn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ́la Mọ́ńdè, kí o tó wọ kíláàsì, lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ara yín ní tíìmù. Sọ fún wọn pé o bì, pé ìmọ́lẹ̀ ń dùn ọ́ lójú, sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Má ṣe dín in kù. Bí ọpọlọ bá gba ìkọlù kejì kí ti àkọ́kọ́ tó san, ó lè wú lójijì, ó sì ti pa àwọn ọmọ tó kéré jù ọ́ lọ. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà ọ́. Mo kọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni. Tí wọ́n bá sì ní o lè padà, bẹ kóòṣì rẹ kó kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé èèyàn ṣubú pẹ̀lú èjìká, orí lókè, ojú sí àyà ẹni tí o ń lé. Èmi á tún wo àṣíborí yẹn. Mi ò fẹ́ rí ọ̀dà ní àtàrí mọ́.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O ń rò pé bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ, ìrànwọ́ owó ilé ìwé á sì lọ. Owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ èmi àti Dádì rẹ ni. A ti ṣiṣẹ́ òru rí. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ NFL, owó ńlá ni wọ́n ń rí nínú eré yìí, síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n sì gbà pé bí àwọn ṣe ń ṣe kickoff láti ọdún pípẹ́ kò dára. Bí àwọn bá lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé, ìwọ náà lè sọ pé, "Orí ń fọ́ mi."

Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́ fún Sátidé tó ń bọ̀, Dádì rẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ náà, a óò wá wò ọ́ níbi tí o jókòó sí. Mò ń gbé ẹ̀fọ́ rírò àti iyán bọ̀. Pè mí lọ́la tí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, fóònù mi á wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Mọ́mì