Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: owó orí kábọ́ọ̀nù ti lọ, búrẹ́dì ò tíì wálẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ wá láti Steinbach àti Brandon nítorí búrẹ́dì Agége, ẹ kú ìdúró tì wá.

Ẹnìkan ya fọ́tò ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní 2023, ó sì jù ú sí gírúùpù WhatsApp wa. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ lóòótọ́: "Nítorí owó orí kábọ́ọ̀nù, búrẹ́dì ńlá ti di dọ́là mẹ́fà." Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà nígbà yẹn lórí epo àti gáàsì, nítorí èéfín wọn, ni owó orí kábọ́ọ̀nù. Ó wá kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Wọ́n ti fagi lé owó orí yìí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2025. Dọ́là mẹ́fà ti kí ni à ń san báyìí?" Ẹni mẹ́tàlélógún ló fi ẹ̀rín sí i. Mo kà wọ́n.

Màá dáhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti gáàsì, torí òun ló dùn mí jù, ọ̀pọ̀ yín ò sì rí ìwé owó gáàsì ilé búrẹ́dì rí.

Ààrò wa, gáàsì ló ń jẹ. Ní 2019 tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó yìí ní Manitoba, dọ́là 20 ni lórí tọ́ọ̀nù èéfín kan. Lórí ìwé owó tiwa, kò tó sẹ́ǹtì 4 lórí kúbíìkì mítà gáàsì kan, mi ò tilẹ̀ kíyè sí i. Oṣù kẹrin ọdọọdún ló wá ń gun òkè: 30, 40, 50, 65, títí ó fi di dọ́là 80 ní 2024. Sẹ́ǹtì 15.25 lórí kúbíìkì mítà kan nìyẹn. Àwa sì ń lo bíi 1,000 lóṣù. Nígbà òtútù ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fúláwà tí a pò kì í wú nínú yàrá tútù, ẹ sì mọ òtútù ìlú yìí. Ó lé ní dọ́là 150 lóṣooṣù, a ò tíì san owó gáàsì fúnra rẹ̀ o. Ọkọ̀ tó ń gbé fúláwà wá, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, òun náà ń san. Àgbẹ̀ tó gbin àlìkámà, wọ́n fojú fo dísẹ́ẹ̀lì tó fi ń roko, ṣùgbọ́n gáàsì tó fi ń mú ọkà gbẹ lẹ́yìn ìkórè, ó ń sanwó lórí rẹ̀. Olúkúlùkù ń ti tirẹ̀ sọ́rùn ẹni tó kàn. Èmi ni mo kàn.

Nígbà tí ìjọba wá ní òun fẹ́ dá owó padà fún ilé iṣẹ́ kéékèèké, owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là méjì tí wọ́n ti ń kó jọ láti 2019, ìparí 2024 ni wọ́n tó pín in. Mo ń ṣọ́ àkáǹtì mi bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà. Kò kàn mí. Iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì nìkan ni wọ́n fún. Èmi tí mo ń ta búrẹ́dì lórúkọ ara mi, tí mo ń sanwó oṣù fún èèyàn mẹ́ta, wọn ò mọ̀ mí rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi san, kọ́bọ̀ ò padà sí ilé búrẹ́dì. Ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé owó orí ti sọ fún mi ní 2020 pé kí n lọ forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Mo ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ó dáa, ìbéèrè yín. Mo ti ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Búrẹ́dì bíi 3,000 là ń ṣe lóṣù. Nígbà tí owó orí náà ga jù lọ pàápàá, sẹ́ǹtì márùn-ún ló kan búrẹ́dì kan. Kí a fi ti ọkọ̀ àti ti àgbẹ̀ kún un, kí a ní ó di mẹ́wàá. Àádọ́ta ni mo fi lé e. Ogójì tó kù, fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ló jẹ ẹ́, torí gbogbo wọn ló gbówó lórí lásìkò kan náà, kò sì sí èyí tó ti wálẹ̀. Owó orí kábọ́ọ̀nù ni mo kọ nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò bá mi jà lórí rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń bú u nígbà yẹn. Ẹ má bínú. Mo ti ya ìwé náà kúrò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò bi mí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 15? Oṣù kìíní, oṣù kẹrin, oṣù keje, oṣù kẹwàá: ìgbà tí ìjọba ń dá lára owó orí náà padà sí àkáǹtì àwọn ìdílé. Tọkọtaya ọlọ́mọ méjì ní Manitoba, dọ́là 300 ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan láti oṣù kẹrin 2024, 1,200 láàárín ọdún kan. Nínú dọ́là mẹ́wàá tí ìjọba gbà, bíi mẹ́sàn-án ló ń padà sílé àwọn èèyàn. Ẹni tó ń gbé fúláàtì tó ń wọ bọ́ọ̀sì, èrè ló ń jẹ. Ẹni tó ní ilé ńlá àti píkọ́ọ̀pù méjì ló ń pàdánù. Èmi náà gbà á nílé, ìyàwó mi ló ń ná an. Ìwé àwìn mi mọ ọjọ́ yẹn ju kàlẹ́ńdà lọ: "Bàbá Búrẹ́dì, tó bá ti di ọjọ́ karùndínlógún." Ẹ sì máa ń san án, mo jẹ́rìí yín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni búrẹ́dì ń tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mark Carney, olórí ìjọba Kánádà, fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 2025 pé kí owó orí náà parí, epo ọkọ̀ sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹrin, gbogbo wa yọ̀. Ọjọ́ 22 oṣù yẹn ni owó ìdápadà tó kẹ́yìn wọlé. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ 15 bá ń bọ̀, kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dọ́là 1,140 ni mo ní níta lọ́dọ̀ yín. Gáàsì tó dín kù fún mi, kò tó èyí tí mo ń pàdánù lórí àwìn.

Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé, búrẹ́dì ńlá di dọ́là 5.90. Kò sí àwìn mọ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan la ó máa gbé búrẹ́dì kiri. Ẹni tó jẹ gbèsè, kó máa san án díẹ̀díẹ̀, mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ò bá wa yọ̀ nígbà tí wọ́n fagi lé owó orí náà. Lọ́sẹ̀ tí èéfín igbó tó ń jó lápá àríwá bo ìlú, tí ìjọba Manitoba kéde pàjáwìrì ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2025, tí wọ́n kó èèyàn bíi 17,000 kúrò nílé wọn, ó ṣílẹ̀kùn ó ní kí n gbóòórùn ìta. Mo ní owó tí mo san ò pa iná kankan. Ó ní, "Dádì, owó yẹn kì í ṣe omi. Ó wà láti tì yín kí ẹ ra ààrò tí kì í jẹ gáàsì púpọ̀." Òótọ́ ni pé mo ti béèrè iye ààrò tuntun ní 2024, mo tilẹ̀ ti ń fi owó pamọ́. Láti oṣù kẹrin, mo ti dáwọ́ dúró. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Aago méje àárọ̀ la ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, mo mọ̀ yín o. Búrẹ́dì yín ti ọjọ́ Sátidé wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú dọ́là méjìlá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dání.