Bọ́lá, mi ò wọ ẹgbẹ́ awo o

Bọ́lá mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, àwọn ọmọ ńkọ́? Má bínú pé mi ò tètè dá ẹ lóhùn, Rishikesh ní Íńdíà ni mo ṣì wà, nẹ́tíwọ́kì ibí kàn ń ṣe ségesège ni. O ní kí n ṣàlàyé ìró "Om" tó o gbọ́ nínú fídíò yẹn, o tún ní àbí mo ti wọ ẹgbẹ́ awo. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí!

Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yoga wa. Kálukú á jókòó sórí máàtì, á ká ẹsẹ̀ pọ̀, á pajú dé, tíṣà wa, ìyá àgbà kan tí kì í pariwo, á fa èémí sínú, gbogbo wa á wá jọ pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ "oomu" ni mo pè ní tèmi, mo sì ti parí káwọn tó kù tó dé ìdajì. Ìyá yẹn ní rárá o, kí n lanu bí ìgbà tí dókítà fẹ́ wo ọ̀nà ọ̀fun mi, "aaa" ló ń kọ́kọ́ jáde láti ikùn, kí n wá máa sún ètè pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó di "uuu", kí n tó pa ẹnu dé sórí "mmm". Ní Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, "a" àti "u" ló pàdé tó di "o". Ibi "m" yẹn ló wù mí jù, á máa gbọ̀n lágbárí, nínú imú, títí dé eyín. Àmọ́ ohùn mi ò gbọ́ràn, torí lẹ́nu àwa Yorùbá, "m" lásán náà ní ohùn tiẹ̀, mo kàn ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáá bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi wá ń yọjú wò mí.

Ìwé àtijọ́ àwọn Hindu kan wà, Mandukya Upanishad, ẹsẹ 12 péré, orí Om nìkan ló dá lé. Ó ní "a" ni ìgbà téèyàn lajú sílẹ̀, "u" ni ìgbà tó ń lálàá, "m" ni ìgbà tó sùn fọnfọn tí ò tiẹ̀ lálàá rárá. Ìkẹrin ò ní ohùn, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ni. Ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo pè é títí di ọjọ́ tí wọ́n múná lọ (àṣé Íńdíà náà ní NEPA tiwọn!), a ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni fáànù dúró, kò sẹ́ni tó mira, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìró odò Ganga láti inú yàrá yẹn, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá!

Ní ti ẹ̀sìn, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àdúrà ni lọ́dọ̀ àwọn Hindu, àwọn ẹlẹ́sìn Buddha àti Jain náà ń lò ó. Àwọn tó ń sọ pé èémí lásán ni, ẹ jọ̀ọ́. Patanjali gan-an, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́, nínú Yoga Sutra, ìwé ẹ̀ lórí yoga, ní kéèyàn máa pè é kó sì máa ro ìtumọ̀ ẹ̀, kì í ṣe bí ayékòótọ́. Mo sọ fún ìyá yẹn pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ó ní kí n máa ṣe "mmm" nìkan, kò sẹ́ni tó máa fipá mú mi. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, àmọ́ nígbà míì "aaa" á ti jáde kí n tó mọ̀.

Má sọ fún mọ́mì mi o. Tí mo bá délé, màá ṣe é kó o gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná.

Tinú