Ẹ̀sùn lórí ọta kálíbà 12 tí ẹnu wọn kò dì

Kétu, ẹkùn Plateau, orílẹ̀-èdè Benin

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọta ọdẹ wọlé,
Àjàṣẹ́

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Torí àwọn kàtúṣì kálíbà 12 tí mo rà ní bùtíkì yín ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Páálí wọn pupa, ọta 25 ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sí wọn lára pé 70 mílímítà, òjé 32 gíráàmù, nọ́ńbà 4 (ìyẹn ni bí hóró òjé ṣe tóbi tó). Nọ́ńbà tí wọ́n lù sí etí páálí wà nínú àwòrán tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ìwé owó tí ọmọ yín kọ fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọdẹ, ìwé-àṣẹ ìbọn mi sì pé. Ẹ má rò pé ẹni tí kò mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu.

Ẹnu àwọn ọta yìí kò dì. Ẹ̀sùn mi nìyẹn.

Ìṣẹ́po mẹ́fà tí wọ́n fi ká ike ẹnu ọta, tó yẹ kó pàdé láàárín gbùngbùn, kó sì le gbagidi lábẹ́ àtàǹpàkò, ńṣe ló ń yẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá mì ín létí, mo ń gbọ́ òjé tó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ihò kékeré wà lẹ́nu àwọn mìíràn, èèyàn sì lè wo òjé láti ibẹ̀. Mo fi irin ìwọ̀n wọ̀n wọ́n. 70 tí wọ́n kọ sára ọta yẹn, gígùn rẹ̀ nígbà tí ẹnu bá ti là tán ni. Kí wọ́n tó yìn ín, bí wọ́n bá ká a dáadáa, nǹkan bí 58 mílímítà ló máa ń jẹ́. Nínú páálí yín, ọ̀kan jẹ́ 58, èkejì rẹ̀ 60, òmíràn fẹ́ẹ̀ tó 62. Ọta tó jáde látinú ẹ̀rọ kan náà kì í ga ju ara wọn lọ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni mo ń lò. A wà nínú ìgbẹ́ lọ́nà Ilikimu, awó kan fò dìde, mo yin ẹnu ọ̀tún. Ìró tó jáde kì í ṣe ìró ìbọn, “pùù” lásán ni. Awó bá tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ yin ẹnu òsì, ọkàn mi ní kí n dúró. Bí mo ṣe dorí ìbọn kodò báyìí, òjé ń já bọ́ wóró wóró láti ẹnu òsì tí n kò tíì yìn! Mímì tí ẹnu ọ̀tún mi ìbọn ti tó láti la ẹnu ọta kejì. Mo ṣí ìbọn, mo yọ ọta méjèèjì, mo wo inú ọ̀pá sí ojú ọ̀run. Ife ike tó ń gbé òjé há sínú ọ̀pá ọ̀tún, ẹ̀tù tí kò jó sì fọ́n ká ibẹ̀ bí èérún gàrí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo ti ti ọta mìíràn bọ ibẹ̀, tí mo sì yìn ín. Ọ̀pá ìbọn tí nǹkan dí lè ya, ọwọ́ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọdẹ. Àwọn bàbá wa tó lo ṣàkàbùlà, bí wọ́n bá da ẹ̀tù sí i tán, wọ́n á fi àkísà dí i, wọ́n á wá fi ọ̀pá gún un títí ọ̀pá á fi máa ta padà sókè. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀tù tí kò rí ohun tó dì í mú kì í lágbára. Ẹ̀tù aláìléèéfín òde òní tún nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ipá tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa yára jó tó. Bí ẹnu ọta bá tètè là, òjé á sún síwájú, àyè á gbòòrò, iná á rọ, ẹ̀tù á kù sílẹ̀. Àwọn tó ń lo ráífù kéékèèké tó ń yin òjé ẹyọ kan, bíi kálíbà .222, náà ń bá a yí lọ́nà tiwọn. Ọrùn idẹ ló ń di ọta wọn mú, ẹni tó bá sì ń tún un kún fúnra rẹ̀ ní láti rí i pé ihò ọrùn yẹn kéré ju òjé lọ, bíi 0.05 mílímítà, kó lè fún un pinpin. Bí idẹ náà bá ti ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, á le, dídì rẹ̀ kò ní dọ́gba mọ́, àfi kí wọ́n fi iná rọ̀ ọ́. Ike kò ní irú àtúnṣe yẹn. Bí wọ́n bá ti ká ẹnu rẹ̀ léraléra, ó ti tán nìyẹn.

Èyí ló mú mi yẹ ìdí àwọn ọta yín wò. Lórí ètè idẹ àwọn kan, mo rí ojú ibi tí èékánná ìbọn, irin tó ń fa ìkarahun jáde, ti fà wọ́n rí. Ojú iná àárín, ibi tí ìbọn ń gbá kí ẹ̀tù lè gbiná, tuntun ni, ó ń dán yinrin, idẹ tó yí i ká sì ti ṣì. Mo tú ẹnu ọ̀kan, mo da inú rẹ̀ nù: èéfín dúdú wà lára ike nínú lọ́hùn-ún, ojú ìṣẹ́po sì ti sán tín-ín-tín. Níbo ni ọta tuntun ti rí èéfín?

Mi ò pè yín lólè o. Mò ń béèrè ni: ṣé bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tà á fún yín, àbí ẹnì kan wà lójú ọ̀nà tó ń ṣa ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn, tó ń tún un kún, tó sì ń tò ó sínú páálí tuntun? Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì ní àṣẹ, lè tún ọta ara rẹ̀ kún. Ẹni tó bá wá tà á fún mi bíi tuntun, ìyẹn ò tọ́.

Mo ti pe bùtíkì yín. Ọmọ tó gbé fóònù ní ọ̀rinrin ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ike ni ìkarahun yìí, kì í ṣe ti páálí àtijọ́ tí omi máa ń mú wú. Ó tún ní kí n yọ́ àbẹ́là lé e lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un kó má sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mọ́ láyé. Àbẹ́là lè so òjé pọ̀ di odindi, ipá inú ọ̀pá á sì ga sí i. Ìlànà CIP, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìdánwò ìbọn àti ọta, tí àwọn ará Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ń tẹ̀ lé, kò gbà kí ipá ọta 12 lásán tó gùn ní 70 mílímítà kọjá 740 báà (òṣùwọ̀n ipá), ìbọn àtijọ́ tí kò tiẹ̀ lè gba ìyẹn ló sì pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ níhìn-ín.

Ẹ pààrọ̀ àwọn ọta yìí fún mi láti inú ẹrù mìíràn, tàbí kí ẹ dá owó mi padà. Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni àwọn tó kù: ẹ kó gbogbo páálí tó ní nọ́ńbà yìí kúrò lórí àtẹ, kí ẹ sì kàn sí àwọn tó ti rà nínú rẹ̀. Mo ti sọ fún Olúọ́dẹ wa, ó sì ti kìlọ̀ fún ẹgbẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má yin èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ rán ẹni tó ní àṣẹ wá kó wọn, torí mi ò ní kó ọta tó ń jò sínú takisí tó kún fún èrò láti Kétu dé Àjàṣẹ́.

Orí ìwé ni mo fẹ́ gba ìdáhùn yín, ọ̀rọ̀ fóònù ti sú mi. Tí mi ò bá rí i kí oṣù yìí tó parí, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ ìbọn ni màá kó àwọn ọta tí mo tú lọ.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ọdẹ kan láti Kétu